Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ṣe Lè Yọ̀ǹda Ara Wọn fún Ìlanilọ́yẹ̀ Nípa Àyíká ní Òṣogbo

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwa 23 dá owó jọ, a ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun, a tẹ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn, a sì wọ inú ọjà kan lọ láàárọ̀ Sátidé láti lọ kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìmọ́tótó. A fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá inú gọ́tà jáde, a wọ́ wọn jọ ní òkìtì-òkìtì sí etí gọ́tà náà, a ya fọ́tò, a sì bá tiwa lọ. Òjò ńlá rọ̀ ní òru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a fi padà débẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, gbogbo ohun tí a kó jáde ti padà sínú gọ́tà, àfi ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù sójú ọ̀nà, èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń yọ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣépè fún ẹni tó kó o síbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló pè mí sí ìdí àtẹ rẹ̀, ó ní: “Ọmọ mi, ẹ ní ká má da ilẹ̀ sí gọ́tà mọ́, a ti gbọ́. Ibo wá ni ká máa dà á sí?” Èmi tí mo ti fi odidi ìṣẹ́jú 20 sọ̀rọ̀ lórí gbohùngbohùn lọ́jọ́ Sátidé, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Fountain University, àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn tó wà ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ títí dé Ẹdẹ, tí ẹ fẹ́ fi àkókò yín ran ìlú lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Orí ìbéèrè ìyá elélùbọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní í sọ dúró lé. Ẹ má ṣe la ẹnikẹ́ni lọ́yẹ̀ nípa ilẹ̀ dídà títí ẹ ó fi lè tọ́ka sí ibi tí yóò dà á sí, ẹni tí yóò kó o níbẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò wá kó o. Bí ẹ bá lè dáhùn ohun mẹ́ta yìí, díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ó ní láti sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ojú kan, kí ẹ sì tẹ̀lé omi

Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ tún gbogbo ìlú ṣe ní sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ènìyàn 15 kò lè tún Òṣogbo ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró ti ojú ọ̀nà kan láti oríta títí dé ibi tí gọ́tà rẹ̀ ti bọ́ sódò, tàbí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tàbí ìlà ìsọ̀ kan nínú Ọjà Ọba tàbí ní ọjà Ìgbóǹnà. Ẹ yan ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, tàbí ibi tí owó kẹ̀kẹ́ Maruwa rẹ̀ kò ní wọ̀ yín lọ́rùn, nítorí ẹ ó máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ibi tó jìnnà a máa dùn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì ni olúkúlùkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ní ìdánwò.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun níbẹ̀, ẹ rìn ín nígbà mẹ́ta: ní kùtùkùtù nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ọjà mọ́, àti lẹ́yìn òjò. Ti ẹ̀yìn òjò ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gọ́tà, kí ẹ máa bá omi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì máa wo ibi tó ti ń dúró, ibi tó ti ń ya bo ojú títì, àti ohun tó dí i lọ́nà. Àwọn odò kéékèèké tó gba inú ìgboro Òṣogbo kọjá, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń lọ, nítorí náà ọ̀rá tí ọmọ kan jù sílẹ̀ lẹ́bàá ilé-ìwé rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ èyí tí olùjọsìn kan yóò bá lójú omi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà yìí kì í tún sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ilẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí ẹ wọn ìṣísẹ̀ 20 lẹ́bàá gọ́tà tí ẹ yàn, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó wà láàárín rẹ̀ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: ọ̀rá omi tí gbogbo wa ń pè ní píọ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà, ìgò oníke, agolo, abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, àkísà, ewé, èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àkókò, ẹ kọ bóyá òjò rọ̀ lánàá. Ẹ tún un kà ní ọ̀sẹ̀ kejì ní ọjọ́ àti àkókò kan náà.

Iṣẹ́ yìí kò wuyì láti ṣe, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì dúró wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Òun gan-an ni yóò sì sọ irú iṣẹ́ tó kàn yín. Bí ó bá jẹ́ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀ jù, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ni ẹ óò lọ bá, kì í ṣe ẹgbẹ́ onílé. Bí ó bá jẹ́ abọ́ fóòmù, ọ̀rọ̀ di ti olóúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ní oríta yẹn, ẹ sì lè bá wọn sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.

Iye tí ènìyàn fi ojú rí a máa wọni lára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ wo ilé-ìwé tó ní ọmọ 300, kí ẹ sì gbà pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mu omi inú ọ̀rá ẹyọ kan péré lójúmọ́. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rá 1,500 ni ìyẹn, èyí tó jẹ́ odidi báàgì 75, nítorí 20 ló wà nínú báàgì kan. Ẹ sọ ọ́ báyìí fún ọ̀gá ilé-ìwé nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé níbo ni báàgì 75 ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà báyìí.

Bí ẹ ti ń kà, ẹ máa bi àwọn tó jókòó nítòsí ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ta ló ń bá yín kó ilẹ̀, èló lẹ ń san, ìgbà wo ló wá kẹ́yìn? Ẹ má ṣe jiyàn sí èsì wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kí àwọn tó ni ibẹ̀

Ní ọjà, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ní àdúgbò, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé àti àgbà àdúgbò ni. Ní ilé-ìwé ìjọba, ọ̀gá ilé-ìwé yóò fẹ́ rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ rántí pé ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro wa láàárín ara wọn: ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, tí olú rẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, àti ti Ọlọ́rundá, tí olú rẹ̀ wà ní Ìgbóǹnà. Mo mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ méjì lé lẹ́tà kiri lọ́dọ̀ èyí tí kò ni àdúgbò tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ gba lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, kí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gba ọ̀kan lè fọwọ́ sí èkejì padà fún yín.

Ẹ má ṣe lọ bá ọlọ́jà ní àárọ̀ kùtùkùtù kí ó tó ta ọjà àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí àlejò tí kò fẹ́ rajà ní àkókò yẹn. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí ẹsẹ̀ sì dá díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ máa ń wọlé. Ẹni tó mọ ènìyàn kí jù lọ nínú yín ni kí ó ṣáájú, ìbáà má jẹ́ òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ yín. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, bí ó ti yẹ ọmọ ilé. Ọ̀nà tí ó máa ń gbà lọ nìyí nígbà tó bá dára:

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ajé á wọgbá o.”

“Àṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí lẹ tún bá wá? Ṣé ẹ tún fẹ́ wá ya wá ní fọ́tò ni?”

“Rárá o, Ìyá. A ka ọ̀rá tó wà nínú gọ́tà iwájú ìsọ̀ àwọn elépo lánàá àti ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwé rẹ̀ rèé. A wá béèrè lọ́wọ́ yín pé, kí ló ń dí i lọ́wọ́ tí wọn ò fi ń rí ibi dà á sí?”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè ni ọmọ náà gbé wá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é báyìí, wákàtí kan gbáko ni ìyá náà fi sọ ìtàn àpótí ìdọ̀tí tí wọ́n gbé wá, tí kò sí ẹni tó wá kó ohun inú rẹ̀ títí ìdin fi kún un, tí àwọn fúnra wọn fi ní kí wọ́n wá gbé e kúrò. N kì bá tí gbọ́ ìtàn yìí láé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tèmi náà ti ń pète láti ra àpótí ìdọ̀tí fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá èsì sí “ibo ni ká dà á sí?”

Ibí ni kí ẹ lo àkókò yín sí jù. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́ta, bí òkè ìdọ̀tí ti tóbi tó yóò dín kù lójú yín.

Èyí tó ń jẹrà ni àkọ́kọ́. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti háhá àgbàdo, oúnjẹ ẹran ni wọ́n. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń sin ewúrẹ́ tàbí àgùntàn ní àdúgbò, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn ọjọ́ àti àkókò tí wọn yóò máa gbé àpò wá. Ẹ kìlọ̀ fún ọlọ́jà pé ọ̀rá kankan kò gbọdọ̀ wọ inú àpò náà, nítorí ọ̀rá tí ewúrẹ́ bá gbé mì kì í dà nínú rẹ̀, ó lè dí i nífun títí yóò fi kú. Alápatà tó ti la inú irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sọ ohun tó rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọlé ju tiyín lọ. Ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ kù, bí ewé àti èèpo ọsàn, ẹ lè kó o jọ sí ihò kan lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, kí ẹ máa da iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì máa tutù díẹ̀. Ní oṣù mélòó kan, yóò di ajílẹ̀ tí àwọn ọmọ lè fi gbin ẹ̀fọ́.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń rà. Ìgò oníke, ọ̀rá omi tó mọ́, agolo àti irin ní àwọn tó ń rà wọ́n ní ìwọ̀n kílò. Ẹ wá wọn kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè iye, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba èyí tó ní ẹrẹ̀, àti iye àpò tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè wá. Ọ̀rá fúyẹ́ púpọ̀, ẹ ó kó àpò ńlá kí ó tó wọn ohun tó jọjú. Ẹ sọ èyí fún àwọn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun yóò fi ọ̀rá kọ́lé. Owó tó bá wọlé, kí ó jẹ́ ti ọjà tàbí ti ilé-ìwé náà, kí ẹnìkan níbẹ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án.

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn méjèèjì ni kí ẹ pe kólẹ̀kódọ̀tí sí. Ẹ lọ sí àjọ tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún ìkólẹ̀ àti sí ẹ̀ka ìmọ́tótó ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí àwọn wolé-wolé wà, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ ń gba àdúgbò yín kọjá àti ibi tó ń dúró. Bí kò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà, kí Ìyálọ́jà tàbí alága ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ sí i, nítorí lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan a máa pẹ́ lórí tábìlì. Títí wọn yóò fi dáhùn, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà lè pawọ́ pọ̀ san owó ẹni tó ní ọmọlanke tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù láti gbé e lọ sí ààtàn tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹnìkan yóò sọ pé ẹ jẹ́ ká kúkú sun ún. Ẹ má gbà. Èéfín ọ̀rá àti ike ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, òmíràn nínú rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ ni ọlọ́jà tó jókòó sídìí àtẹ láti àárọ̀ dé alẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ìwé ló mọ̀ ọ́n kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin tó ń sọ nípa afẹ́fẹ́ kábọ́nì fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ń fi àkókò ṣòfò ni. Ẹ sọ Yorùbá, ẹ má ju ìṣẹ́jú 40 lọ, kí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ìlú. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò yìí, wọ́n gé igi kan, igi náà sì ṣubú sínú omi. Ohùn kan wá ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán.” Oṣó-igbó yìí ló di Òṣogbo. Orúkọ oyè ọba wa pẹ̀lú, Àtáọ́ja, láti ara odò yẹn náà ni, a-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja. Ẹ bi àwọn ọmọ náà pé: kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí odò sọ fún àwọn baba wa? Wọn yóò rí i fúnra wọn pé ẹ̀sùn ni. Kò sí ìlú mìíràn tí mo mọ̀ tí olùkọ́ àyíká ti rí irú ẹ̀bùn báyìí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ọwọ́, mẹ́ta sì ni mo ti rí i tó ń ṣiṣẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ni ihò mẹ́rin. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin tí jíjìn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sí igun ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀. Ẹ fi ewé eéran tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ sí ọ̀kan, bébà sí èkejì, èèpo ọsàn sí ẹ̀kẹta, àti ọ̀rá píọ wọ́tà sí ẹ̀kẹrin. Ẹ fi igi sàmì sí wọn, kí àwọn ọmọ máa wọ́n omi sí i bí òjò kò bá rọ̀, kí ẹ sì hú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó fa ọ̀rá náà jáde, tó fi omi ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ sókè láìṣì í kà. Ó wo ihò tí a ri ewé sí, kò rí ju iṣan ewé tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú lọ. Ó yíjú sí mi, ó ní: “Bùọ̀dá, èyí tí mo jù nù lánàá ńkọ́?” N kò tún fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Èkejì ni tanwíjí. Ẹ bu omi tó ti dúró nínú agolo tàbí táyà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí àwọn ọmọ lè rí tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ fi rọ́bà dè é pinpin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tanwíjí á di ẹ̀fọn lójú wọn. Ọmọ tó bá rí èyí ni yóò lọ da omi agolo ẹ̀yìnkùlé wọn nù láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ sọ. Kí olùkọ́ ló tọ́jú ìgò náà, kí ó má sì ṣí àwọ̀n rẹ̀ títí ẹ̀fọn inú rẹ̀ yóò fi kú, kí ó tó da omi rẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ tó ti gbóná.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ odò Ọ̀ṣun, ó sì gba ìṣọ́ra, nítorí náà mo yà á sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ó ṣe sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀ṣun

Ìgèdè ní Èkìtì ni wọ́n ti ń tọ́ka sí orísun odò Ọ̀ṣun, ó sì gba ilẹ̀ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún mélòó kan ni omi rẹ̀ ti pọ́n bí omi amọ̀, àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ohun tó fà á: wọ́n ń fọ ilẹ̀ sínú àwọn odò tó ń bọ́ sínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ẹ lè bu omi odò sínú ìgò kan, kí ẹ gbe omi òjò sínú èkejì, kí ẹ sì gbé wọn kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí àwọn ọmọ lè fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan. Kí àgbà wọ ìbọ̀wọ́ láti bu ú, kí ọmọdé kankan má ṣe sún mọ́ etí odò. Ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ohun kan yékéyéké: omi tó tòrò lókè ìgò kò tíì di omi mímu. Mẹ́kúrì, ìyẹn irin olómi tí àwọn awakùsà kan fi ń kó wúrà jọ, kì í fara hàn lójú, sísè kì í sì í mú un kúrò. Kòkòrò àrùn ni iná ń pa, kì í pa májèlé irin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń se omi rò pé àwọn ti bọ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà bá olùjọsìn sọ ọ́ yàtọ̀. Ẹni tó ń bu omi Ọ̀ṣun nítorí ọmọ tó ń wá kò ní gbọ́rọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí tàbí kìrìsìtẹ́nì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ lọ bá àwọn Àwòrò àti àwọn ìyá tó ń bójú tó ojúbọ, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti rí. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni láti gé igi, láti dọdẹ àti láti pẹja, èèwọ̀ yìí sì wà lára ohun tó fi jẹ́ pé igbó tó tó hẹ́kítà 75 ṣì wà ní etí ìlú títí dòní. Ìjọba sọ ọ́ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, lẹ́yìn tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ àjọ ìjọba tó ń mójú tó o. Kí wọ́n kàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ igi, kí wọ́n sì sọ iye ohùn ẹyẹ àti ọ̀bọ tí wọ́n gbọ́.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, èrò a máa pọ̀ débi pé ìgò àti kẹ́ẹ̀gì oníke yóò kún ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, ẹ ti gba àṣẹ láti oṣù kẹfà, kí ẹ sì dúró sí ìta níbi tí èrò ń gbà wọlé. Inú igbó lọ́jọ́ náà kì í ṣe tiyín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán ni ẹ tó lè mú ṣọ́bìrì. Gọ́tà ni kí ẹ kó ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Igi ni kí ẹ gbìn ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi. Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà láti 1973, bọ́ sí àkókò igi gbígbìn lọ́dọ̀ wa, èmi kò sì ní kí ẹ má lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gbin igi tí ẹ kò tíì mọ ẹni tí yóò bomi rin ín nígbà ọyẹ́ àti ohun tí ẹ ó fi ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Kí olúkúlùkù wọ bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ìbòmú. Inú gọ́tà ní ìgò fífọ́, abẹ́rẹ́ àti ìtọ̀ eku, ọgbẹ́ kékeré kan níbẹ̀ sì lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fara pa gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ béèrè abẹ́rẹ́ ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) lọ́jọ́ náà. Kí ọkọ̀ tí yóò gbé ilẹ̀ lọ ti wà níkàlẹ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Bí kò bá dé, ẹ gbálẹ̀, ẹ kí ènìyàn, ẹ máa lọ sílé. Ohun tí ẹ bá kó jáde kò gbọdọ̀ sun etí gọ́tà, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìtàn tèmi.

Ní ti fọ́tò, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì gbé ojú ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò bá pè yín, ẹ mú ọlọ́jà kan dání, òun ni kí ó sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tún un kà, kí ẹ sì fà á lé ọwọ́

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà sí ìṣísẹ̀ 20 yẹn, kí ẹ tún un kà ní irú ọjọ́ àti irú àkókò kan náà. Bí iye náà kò bá dín kù, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi han Ìyálọ́jà. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ṣe tiwa, ìgò oníke dín kù gidigidi, ọ̀rá dúdú kò dín rárá, a wá mọ̀ pé a kò tíì bá àwọn tó ń fi í di ọjà sọ̀rọ̀ rí. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ a máa jáde, ìdánwò a máa dé, ìyanṣẹ́lódì náà sì lè ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ọmọ ọdún kìíní méjì ti wà láàárín yín, kí wọ́n máa bá yín lọ kí Ìyálọ́jà, kí ó mọ orúkọ wọn. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ yàrá ìdánwò àṣekágbá. Kí ó ní orúkọ àwọn àgbà tí ẹ bá ṣe àdéhùn, ọjọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń wá, orúkọ àwọn tó ń wá gbé èèpo iṣu, iye tí ẹ kà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, àwòrán ọgbà ilé-ìwé náà pẹ̀lú àmì ihò mẹ́rin àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n hú wọn, nítorí àwọn ọmọ náà yóò ti máa kà á.